Òpó Màpó Lára Àdìrẹ

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Níbi ìgbéyàwó kan, alága ìjókòó nawọ́ sí aṣọ ẹbí tí gbogbo ará ilé ìyàwó wọ̀, ó ní àdìrẹ yìí, láti ayé Odùduwà ni, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti rù ú wá. Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹni tó jókòó tì mí ní irọ́ ni, pé Kẹ́mta ní Abẹ́òkúta ló ti bẹ̀rẹ̀, ní agboolé Ìyálóde tó jẹ lẹ́yìn Tinúubú. Ìtàn méjèèjì ta kora, síbẹ̀ mo ti gbọ́ ọ rí tí ẹnu kan ṣoṣo sọ méjèèjì láìmí.

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá ibi tí kò sí ìjà. Aró rírẹ pẹ́ nílẹ̀ wa. Ewé èlú, omi eérú tó ń kán láti ìdí ìkòkò tí wọ́n lu, kíjìpá tí àwọn obìnrin hun tí wọ́n sì rì bọ aró: kò sí ẹni tó fi ìkankan kọ́ wa. Ta ló lè sọ ìtàn Òṣogbo láìdárúkọ ìkòkò aró Ọ̀ṣun? Àwọn Ẹ̀gbá tó sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 kò gbàgbé iṣẹ́ ìyá wọn sọ́nà. Ká wá kó gbogbo rẹ̀ sórí obìnrin kan, bó ti wù kó lówó tó, ìmẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n aró kọ́ ni àdìrẹ. Ọ̀tọ̀ ni ká rẹ aṣọ, ọ̀tọ̀ ni ká ya ọnà tí aró kò ní lè wọ̀.

Aṣọ gan-an ni àwọn onítàn wa kì í wò. Ẹ tẹ́ Ìbàdàndùn sílẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà. Wọ́n pín ojú rẹ̀ sí àwọn onígun mẹ́rin, ọnà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ojú tí òpó wà. Òpó tò, ṣíbí wà láàárín òpó kan sí èkejì. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn ni. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Odùduwà kò rí òpó yẹn. Obìnrin tó yà á ló rí i, torí orí òkè ló wà. Ilé ìjọba òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ló mú, ó sọ ọ́ di ọnà ara ìró. Ṣíbí wá ńkọ́? Ṣé àsè ló fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni, àbí ó ń fi àwọn tó ń jẹun ìlú ṣe yẹ̀yẹ́? Mi ò lè wò ó tán.

Ìbàdàndùn nìkan kọ́. Ọnà tí wọ́n ń pè ní Olóba gbé ọba òyìnbó àti ayaba rẹ̀ sí àárín aṣọ, nítorí ayẹyẹ ọdún 25 tí George Karùn-ún pé lórí oyè ní 1935. Aṣọ tí wọ́n sì yà á sí? Aṣọ funfun ilé iṣẹ́, irú èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti Manchester nígbà náà, ọ̀pá márùn-ún tí wọ́n gé sí méjì tí wọ́n sì rán pọ̀. Kíjìpá nípọn, ara rẹ̀ sì le. Ìyẹ́ kò lè sáré lórí rẹ̀ bó ṣe ń sáré lórí aṣọ tó jọ̀lọ̀. Nítorí náà, bí àdìrẹ oníko tí wọ́n ń fi okùn ọ̀gọ̀rọ̀ dì bá dàgbà, ẹlẹ́kọ kéré sí i.

Àwọn tó kọ̀wé ṣáájú kò ṣàì sọ ọ́. Jane Barbour àti Doig Simmonds tẹ ìwé lórí àdìrẹ ní Ìbàdàn ní 1971. Àwọn tó ń da ìwé náà kọ kó orúkọ ọnà, wọ́n fi ọdún sílẹ̀. Judith Byfield ló lọ tú ìwé ìjọba ní ti Abẹ́òkúta: ní 1936, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, àwọn aláró kò gbà, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ṣé aṣọ Odùduwà ló ń ṣẹjọ́ sódà?

Ẹnì kan á ní mo ń tẹ́ àwọn ìyá wa. Ta ló tẹ́ wọn jù, ẹni tó ní wọ́n kàn ń ṣe ohun tí wọ́n bá nílẹ̀, àbí ẹni tó ní wọ́n gba aṣọ àlejò, wọ́n sì ya ìlú wọn sí i?

Iṣẹ́ ṣì kù. Bí òpó bá lọ́dún, àwọn ẹyẹ àti ejò tó yí i ká ńkọ́? Ní Abẹ́òkúta, ọkùnrin ló ń gé páànù tí wọ́n ń fi tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà wọ iṣẹ́ obìnrin, ta ló sì san owó páànù àkọ́kọ́? Àwọn oníṣòwò Sẹ̀nẹ̀gà tó ń wá ra àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá nígbà kan rí, ọnà wo ni wọ́n ń béèrè, èwo ni wọ́n ń kọ̀? Ó ń ṣe mí bíi pé ìwé gbèsè àwọn oníṣòwò yóò dá wa lóhùn ju oríkì lọ, bí ẹnìkan bá lè fara balẹ̀ kà á.