Kí Ó Tó Di Dókítà, Ó Ti Tẹ̀lé Dókítà: Ìtàn Nathaniel King

 

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gúrúùpù wa lóṣù tó kọjá. Màmá wa kan tó ń gbé Amẹ́ríkà béèrè bóyá ọmọbìnrin àwọn lè wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé, kó máa tẹ̀lé dókítà kiri ní ilé ìwòsàn wa. Wọ́n ní ọmọ náà fẹ́ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, àti pé níbẹ̀, wọ́n á bi í pé dókítà wo ló ti tẹ̀lé rí, kí ló sì fojú ara ẹ̀ rí. Kí a tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti di iṣu-ata-yán-an-yàn-an. Bàbá wa kan fi ohùn ránṣẹ́ pé ilé ìwòsàn kì í ṣe ọgbà ẹranko tí ọmọ òyìnbó ń wá wòran. Ẹlòmíràn ní àṣà òyìnbó lásán ni, pé nílé wa níbí, ẹni tó bá ti gba máàkì ní JAMB ló ń ṣe dókítà.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ìtàn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ "àṣà òyìnbó" yẹn ló sì gbé mi lọ sídìí ìwé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ilé wò ó. Ta ni nínú wa tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kí òyìnbó tó dé? Kò sí fọ́ọ̀mù. Ọmọ á máa gbé ilé oníṣègùn, á máa gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá ẹ̀, á bá a já ewé, á bá a gún àgúnmu, á jókòó sí kọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú aláìsàn, á sì pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni o. Ọ̀gá ń wo ọwọ́ ọmọ, ọmọ náà ń wo ìwà ọ̀gá. Ẹni tí kò bá lè dúró ti ẹni tó ń jẹ̀rora, kò ní í pẹ́ tí gbogbo ilé á fi mọ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà kan. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1815 fún àwọn tó ń po oògùn, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù, sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọdún márùn-ún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan kó tó lè gba ìwé àṣẹ. Ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n, bí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ó wá kan Abẹ́òkúta. Ní nǹkan bí 1861, ìjọ CMS rán dókítà òyìnbó kan síbẹ̀, Harrison ni wọ́n ń pè é. Ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn Ẹ̀gbá sì wà nínú ẹ̀. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní 1862, Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ àwọn tó sá àsálà forí lé. Ẹ fojú inú wo irú egbò àti irú ibà tó máa wà nínú ìlú náà. Harrison kò dá iṣẹ́ ṣe. Ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ jọ, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ìṣègùn. Ọ̀kan nínú wọn ni Nathaniel King, ọmọ bí ọdún mẹ́rìnlá. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwọn òbí ẹ̀.

Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá! Kò tíì sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó wà ni dókítà kan àti àwọn aláìsàn ẹ̀, ọmọ yìí sì wà níbẹ̀ tó ń wò. Ọdún díẹ̀ ni Harrison lò kí ikú tó mú un lọ, ṣùgbọ́n King kò jáwọ́. Ó lọ sí Fourah Bay ní Freetown, ó tibẹ̀ bọ́ sí King's College ní London, ó sì gboyè ìṣègùn ní Skọ́tíláńdì pẹ̀lú. Ó padà wálé ní àwọn ọdún 1870, ó di ọ̀kan nínú àwọn dókítà ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yìí. Èkó ló kú sí ní 1884, kò tíì pé ogójì ọdún.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, inú mi dùn, mo ní mo ti rí ẹ̀rí tí mo máa jù sórí gúrúùpù. Àfi ìgbà tí mo bi ara mi pé, ta ló mú ọmọ yìí dé ọ̀dọ̀ Harrison? Bàbá ẹ̀ ni Àlùfáà Thomas King, òṣìṣẹ́ CMS, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Crowther túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ìjọ kan náà ló gba bàbá síṣẹ́, òun náà ló rán dókítà wá. Mi ò ní kí ọmọ náà má ní làákàyè o, ìwé tó kà fi hàn pé ó ní in. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlẹ́mu tí wọ́n jọ ń gbé Abẹ́òkúta, tí òun náà ní làákàyè, ta ni ì bá mú un wọlé?

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lórí gúrúùpù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan ti ń tẹ̀lé dókítà nínú ìlú wa níbí tipẹ́. Ọmọ tí dókítà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ni, tàbí ọmọ tí ìyá ẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn yẹn kì í béèrè lọ́wọ́ gúrúùpù kankan. Ọmọ alákàrà ló máa ń kọ Medicine sí fọ́ọ̀mù láìtíì rí inú yàrá iṣẹ́ abẹ rí.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí èmi náà wà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ Medicine sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ̀ẹ̀mejì ni máàkì mi ò dé bẹ̀. Ilé wa sunkún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo mú ìyá mi àgbà lọ gba abẹ́rẹ́, mo sì bá wọn níbi tí wọ́n ti ń rán ẹsẹ̀ ọmọ kan tí ọ̀kadà gbá. Ojú mi ṣú. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi, ìyá mi àgbà ló wá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún èmi. Wọ́n ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní! Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ká ní mo ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní SS2 ni, bóyá ẹ̀rù náà ì bá ti kúrò lára mi, bóyá ǹ bá sì ti tètè mọ̀ pé iṣẹ́ mi kọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, owó fọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe owó kékeré nílé wa.

Báwo ni a ṣe wá dé ibi tó jẹ́ pé ìdánwò nìkan ló ń sọ ẹni tó máa wọlé? Ìjọba òyìnbó dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yaba ní 1930, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n sì fẹ́ kí àwọn tó bá jáde níbẹ̀ jẹ́. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó pé ìwé-ẹ̀rí Yaba kò tó ti òyìnbó, ó sì wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement ní 1934. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ò ń ṣe nǹkan kan, ẹ kọ èyí sílẹ̀.) Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, wọ́n ṣí UCH ní 1957. Ohun rere ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó fẹ́ wọlé ṣe ń pọ̀ sí i, máàkì ló di ẹnu ọ̀nà. Físíìsì, kẹ́místírì, báyọ́lọ́jì, Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí èyí tó ń béèrè pé o lè dúró ti aláìsàn àbí o ò lè dúró.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá wa sọ nípa ọgbà ẹranko ṣì kù, n kò sì fẹ́ fò ó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun tí ọmọ kan máa gbé lọ sórí TikTok. Ṣé ẹ rántí ọmọ iṣẹ́ oníṣègùn tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀, tó pa ẹnu ẹ̀ mọ́? Orí ìyẹn ni a gbé àbá wa lé. Ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Fóònù ń bẹ lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn, ì báà jẹ́ láti di egbò. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ bi aláìsàn ní Yorùbá, nígbà tí ọmọ náà ṣì wà níta, pé ṣé kó wọlé. Bí màmá náà bá ní rárá, ọ̀rọ̀ parí. Ibi ìbímọ kò sí nínú ẹ̀ rárá.

Bí ẹnì kan bá ti òkè òkun wá, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà wa kan tí kò ní dókítà kankan nínú ẹbí jókòó sórí àga kan náà lọ́sẹ̀ tó máa tẹ̀ lé e. Ọ̀kan sí ọ̀kan.

Dókítà àti mátírọ́ọ̀nù ti fi ẹnu gbà fún wa. Ohun tó kù ni ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì máa wá síwájú wọn ní ìpàdé oṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀. Orúkọ àwọn ọmọ SS2 tí olùkọ́ báyọ́lọ́jì wọn fún wa ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ọmọbìnrin ni mẹ́fà.