Bí ẹlòmíràn bá jí ìkànnì yín lò: Ẹ kó ẹ̀rí jọ kí ẹ tó pariwo

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́ kan láti Oríòkè-Ìwàmímọ́, ní agbègbè olómi Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, dá ìkànnì kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń ya àwòrán bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ etíkun Ìlàjẹ, ó sì ń kọ ọjọ́ àti ibi tó ti yà á sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àfi bó ṣe rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan lórí ìkànnì ẹlòmíràn. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n ti fi orúkọ ìlú mìíràn sí i, wọ́n sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀ pé kí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú fowó ránṣẹ́. Olè yìí kò jí àwòrán nìkan, ó ba ẹ̀rí ará ìlú jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n fi hàn bí ilẹ̀ wọn ṣe ń lọ, ta ni yóò gba àwòrán tó ní orúkọ ìlú méjì gbọ́?

Ọ̀nà méjì ni irú ìwà yìí máa ń gbà wáyé. Àkọ́kọ́ ni àdàkọ: ẹni náà kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán yín lọ sórí ìkànnì tirẹ̀. Èkejì ni ti férémù: kò da ohunkóhun kọ, ṣùgbọ́n ó la ojú fèrèsé kan sínú ìkànnì rẹ̀, ó sì ń fi ojú ewé yín hàn nínú rẹ̀, tí orúkọ àti ìpolówó ọjà tirẹ̀ yóò yí i ká. Ìdí nìyí tí Washington Post, CNN àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn mìíràn fi pe TotalNews lẹ́jọ́ ní New York lọ́dún 1997. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí lọ́dún náà: TotalNews gbà láti yọ férémù kúrò, kó máa tọ́ka àwọn òǹkàwé sí ìkànnì wọn lásán.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ kó ẹ̀rí jọ, nítorí bí olè bá ti gbọ́ ariwo, yóò pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú ewé méjèèjì, kí àdírẹ́ẹ̀sì, ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú Wayback Machine ti Internet Archive. Ẹ má ṣe pa ojúlówó àwòrán rẹ́ nínú fóònù tàbí kámẹ́rà yín. Nínú ẹjọ́ tí Moneyweb pe Media24 ní Johannesburg lórí ìròyìn méje, ẹyọ kan péré ni ilé-ẹjọ́ dá a láre lé lórí lọ́dún 2016. Lára ìdí rẹ̀ ni pé kò fi ẹ̀rí tó pọ̀ tó hàn pé iṣẹ́ àtinúdá òun ni àwọn kan nínú wọn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìròyìn fúnra rẹ̀ kò ní olówó. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ àti àwòrán tí ẹ yà ló jẹ́ tiyín.

Bó bá jẹ́ ti férémù, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín tọ́jú ìkànnì yín fi àṣẹ frame-ancestors tàbí X-Frame-Options sí i. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rọ òǹkàwé kò ní gbà kí ojú ewé yín ṣí nínú férémù ẹlòmíràn.

Bó bá jẹ́ ti àdàkọ, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni náà, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àìmọ̀ ló ń ṣe wọ́n. Bó bá kọ etí ikún, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ wọn. Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún yín láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ yín, ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ibi tó wà, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà yóò fi tó ẹni náà létí. Bí kò bá rí àwíjàre láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e kúrò. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni ilé-iṣẹ́ náà wà, òfin wọn ti ọdún 1998, DMCA, ni ẹ óò tọ́ka sí. Google náà ń gba irú ìwé yìí láti yọ ojú ewé kúrò nínú àbájáde ìwákiri. Ẹ má ṣe parọ́ nínú rẹ̀ o, nítorí ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lè san owó gbà-má-bínú.

Níbi tí nọ́ńbà àkáǹtì bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ má dúró de èsì lẹ́tà. Ẹ fi tó báńkì àti ọlọ́pàá létí ní kété tí ẹ̀rí bá ti wà lọ́wọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, àjọ Nigerian Copyright Commission wà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sì ni ẹjọ́ ẹ̀tọ́-àdàkọ ń lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹlẹ́rìí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.