Ojú Irin, Àkọtọ́ àti Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Àdéhùn tí ó ń Gbé Èdè Wa Rìn



Ìtàn ohun kan tí ojú kì í rí ni mo fẹ́ sọ lónìí. Àkójọ irinṣẹ́ ni, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní GLib. Ohun tí mo sì fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ohunkóhun tó lè rìn láti ibì kan dé ibòmíràn láìyí padà, àdéhùn ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀; ẹni tí kò bá sì sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe àdéhùn náà, ẹrù tirẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ já sílẹ̀ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba agbègbè Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù kọjá, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Láti Èkó títí dé Kánò, ìwọ̀n kan náà ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì, èyí ni mílímítà 1,067. Nítorí náà, ẹrù tí a bá dì sínú ọkọ̀ ní Ìkìrun lè dé Kánò láìsọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú irin kékeré tí wọ́n là láti Sáríà lọ sí agbègbè Jọ́ọ̀sì nítorí kùsà, mílímítà 762 ni tirẹ̀. Ní Sáríà, alábàárù ní láti sọ ẹrù kalẹ̀, kí ó sì tún un dì sínú ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n pa ojú irin kékeré náà tì ní 1957.

Irú ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà láàárín kọ̀ǹpútà kan àti èkejì. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ètò àgbà tí ó ń darí rẹ̀. Windows, macOS àti Linux ni a mọ̀ jù lọ nínú wọn. Bí wọ́n ti ń pe orúkọ fáìlì, bí wọ́n ti ń ka àkókò, bí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ, kò bára mu. Bí Windows bá fẹ́ tọ́ka sí ọ̀nà tí fáìlì wà, ìlà tí ó fì sẹ́yìn ni ó ń lò. Ìlà tí ó fì síwájú ni Linux ń lò. Ẹni tí ó bá kọ ètò kan fún ọ̀kan, tí ó sì fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lórí èkejì, iṣẹ́ alábàárù Sáríà ni ó ń bẹ níwájú rẹ̀.

Ní 1995, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kan tí a fi ń tún àwòrán ṣe, tí wọ́n pè ní GIMP. Wọ́n ṣe irinṣẹ́ tiwọn tí yóò máa ya fèrèsé àti bọ́tìnnì sójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ kò kan àwòrán rárá. Gbogbo ètò ni ó lè wúlò fún. Èyí ni a yà sọ́tọ̀ tí ó di GLib, tí ó jáde ní 1998. Èdè C, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1972, ni a fi kọ ọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó ń ṣe: ètò tí a kọ ń bá GLib sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, GLib á sì bá ètò àgbà kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀. Òfin tí a fi gbé e jáde gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kà á, láti lò ó àti láti tún un ṣe.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni ó kan Yorùbá nínú èyí? Ní oṣù kẹta 2002 ni GLib 2.0 jáde, tí ó sì fi UTF-8 ṣe ìlànà kíkọ ọ̀rọ̀. Ken Thompson àti Rob Pike ni ó gbé UTF-8 kalẹ̀ ní 1992, láti fi tọ́jú àwọn nọ́ńbà tí àdéhùn Unicode fún lẹ́tà gbogbo àgbáyé. Ẹ, ọ àti ṣ wà nínú àdéhùn náà láti 1993. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn. A gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn tẹ̀lé lẹ́tà ni. Àwọn ará Vietnam rí nọ́ńbà gbà fún gbogbo fáwẹ̀lì olóhùn wọn. Láti 2001 tí wọ́n ti fìdí òfin ìṣọ̀kan lẹ́tà múlẹ̀, ilẹ̀kùn náà ti tì.

Ẹ wo orúkọ Ọ̀ṣun. Lójú wa, lẹ́tà mẹ́rin ni. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ bí àmì márùn-ún: Ọ, ohùn ìsàlẹ̀, ṣ, u, n. Ó tún lè tọ́jú rẹ̀ bí àmì méje, bí ó bá ya àmì abẹ́ kúrò lára O àti s. Ètò ìtọ́jú fáìlì tí Mac lò láti 1998 fún ọ̀pọ̀ ọdún ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Linux ń fi ohun tí a fún un sílẹ̀ bí ó ti rí. Nítorí náà, orúkọ kan ṣoṣo lè di orúkọ méjì bí ó ti ń ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn. GLib ní irinṣẹ́ kan, g_utf8_normalize, tí ń sọ méjèèjì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n GLib kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni lò ó. Ẹni tí ó ń kọ ètò ni ó gbọ́dọ̀ rántí, ẹni tí kò sì mọ̀ pé Yorùbá ní àmì ohùn kò lè rántí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan aráàlú. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ́fíìsì kan bá kọ orúkọ ọmọ Òkukù ní ọ̀nà kìíní, tí òmíràn kọ ọ́ ní ọ̀nà kejì, ẹ̀rọ lè sọ pé ènìyàn méjì ni. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sì ti yan ọ̀nà tí ó rọrùn: wọ́n yọ àmì kúrò pátápátá. Ọ̀ṣun di Osun, ẹni tí kò mọ̀ sì lè kà á sí osùn tí a fi ń para. Ìníṣà, Inisha ni àwọn kan kọ ọ́, Inisa ni àwọn mìíràn kọ ọ́.

Àwọn baba wa mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń fẹ́ àdéhùn. Ní 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣe alága ìpàdé àkọtọ́ ní Èkó. Ní 1966, ìgbìmọ̀ àkọtọ́ tún jókòó. Ní 1974, a fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò títí di òní. Ọmọ Yorùbá wà níbi tí a ti ṣe ìwọ̀nyí. Nígbà tí a ń ṣe àdéhùn kọ̀ǹpútà, ohùn wa kò rinlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ti ń ṣe àtúnṣe: àjọ Alt-I tí Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ti ṣe pátákó ìtẹ̀wé tí ó gba àmì ohùn wa.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ kò le. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 2006, ní ọgbà kan ní Òkukù. Ilẹ̀kùn Unicode ti tì, ṣùgbọ́n ti GLib ṣí sílẹ̀ gbayawu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Òkukù lè ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ó wà ní Berkeley. Mo sì dá a lábàá pé kí ọ́fíìsì ìjọba kankan má ṣe sanwó fún ètò ìforúkọsílẹ̀ tí a kò bá tíì fi Ọ̀ṣun àti Ìníṣà dán wò, ní ọ̀nà méjèèjì tí a lè gbà tọ́jú wọn. Bí ètò náà bá sọ pé orúkọ méjì ni wọ́n, kí a dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.