Ta Ló Jẹun Nínú Àwo Abuja?

Ẹ yí owó ogún náírà padà, ẹ ó rí obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀. Ladi Kwali ni. Láti ọdún 2007 ló ti wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ ní báyìí tí ogún náírà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra nǹkan kan mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ orúkọ rẹ̀, a sì mọ̀ pé ó gbayì lókè òkun. Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè: àwo ìjẹun àti ife tí wọ́n ń ṣe níléeṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́, ta ló ń jẹun nínú wọn?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ọdún 1950, ìjọba amúnisìn gba òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, láti wá mójútó iṣẹ́ ìkòkò ní Nàìjíríà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bernard Leach ní St Ives, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Abuja ló tẹ̀dó sí. Kì í ṣe olú-ìlú ìsinsìnyí o. Ìlú tí a ń pè ní Suleja báyìí ni. Ó rí ìkòkò Ladi Kwali ní ààfin Ẹ́míà ìlú náà, Suleimanu Barau, ó sì wú u lórí. Síbẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà síléeṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tó dá sílẹ̀. Ọdún 1954 ni Ladi Kwali tó wọlé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Gbagyi, ẹ̀yà tirẹ̀, iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ pé àwọn ìyá wa ló ń mọ àmù, ìṣaasùn àti agbada nílẹ̀ Yorùbá.

Kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò ni wọ́n fi ń ṣe àwo, ife, ìkòkò tíì, ìkòkò kọfí àti àwo ọlọ́mọrí níbẹ̀. Wọ́n á lọ eérú àti òkúta tí wọ́n rí lágbègbè náà, wọ́n á fi bo àwo lára, wọ́n á wá fi igi dáná sí ààrò títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Eérú àti òkúta náà á yọ́, á sì máa dán bíi dígí. Iṣẹ́ tó gba sùúrù jù ni sẹ́ẹ̀tì. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, á tún sún kì nínú iná. Àwo tí yóò fẹ̀ tó ínǹṣì 9 lẹ́yìn iná gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 10 nígbà tó ṣì tutù. Bí ẹnìkan bá bẹ amọ̀kòkò níṣẹ́ àwo 6 tó bára mu, ó ní láti mọ ju 6 lọ, torí ọ̀kan lè wọ́, òmíràn lè sán.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, ẹ ó mọ oníbàárà. Tíì, kọfí, àwo kan fún ẹnì kan: tábìlì òyìnbó nìyẹn. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rà á, ọjà náà sì dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ṣàfihàn rẹ̀ ní Berkeley Galleries lọ́dún 1958. Nílé tiwa, àwọn ọmọdé máa ń yí abọ́ kan ṣoṣo ká ni. Bí ìyá bá sì fẹ́ ra abọ́ tuntun, tánganran ló ń rà. Ó fúyẹ́, ó dán, bó bá já bọ́ kì í fọ́, ó sì wà lára ẹrù ìyàwó. Báwo ni àwo Abuja ṣe fẹ́ bá a díje? Amọ̀ ilẹ̀ wa ni, igi ilẹ̀ wa ló sun ún, ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ló mọ ọ́n, àmọ́ tábìlì ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìkòkò ńlá tí Ladi Kwali ń mọ pàápàá. Ọwọ́ ló fi ń mọ ọ́n, kì í lo kẹ̀kẹ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò po, á sì fín alángbá, ejò àti àkekèé sí i lára. Ìkòkò omi ni, bí àmù wa. Ohun tó ń jẹ́ kí omi inú àmù tutù ni pé omi díẹ̀díẹ̀ ń yọ sí ara rẹ̀ lóde, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n wá bo ìkòkò yìí ní ohun dídán, tí wọ́n sì sun ún nínú ààrò ńlá, omi ò rí ọ̀nà yọ mọ́. Ìkòkò omi di àwòdamiẹnu. A ò sọ pé ó burú. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé Bìrìtéènì, ó sì gbé e dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1972, òun náà ló jẹ́ kí Ahmadu Bello University fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bẹni níṣẹ́ ló ń sọ ohun tí amọ̀ yóò dà.

Cardew kúrò ní 1965, orúkọ Ladi Kwali ni wọ́n sì padà fi sọ iléeṣẹ́ náà. Ní Òkèlele, n'Ílọrin, àwọn ìyá ṣì ń mọ ìkòkò. Àwa náà ń kọ́? Abọ́ oníke la ń pín níbi ìgbéyàwó, àwo tí wọ́n kó wá láti òkèèrè la sì ń rà sílé. Àwo wo ló bá àmàlà àti gbẹ̀gìrì mu, tó jinlẹ̀ tó, tí etí rẹ̀ nípọn, tí kì í tètè jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù? Amọ̀kòkò tó lè ṣe é wà nítòsí wa. Ìgbà tí a bá lọ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni yóò tó wọ̀n ọ́n fún àwa.