Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ìyá Nínú Ọnà Òde Òní

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ipa tí iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní, Pablo Picasso ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: bó ṣe rí ère àti agọ̀ Áfíríkà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paris lọ́dún 1907, tí àwòrán rẹ̀ sì yí padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti gba àyè jù. Ní agbègbè Àkókó, níbi tí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà wà, ìdí òfì àwọn obìnrin ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin Àkókó, Ọ̀wọ̀, Ìjùmú àti Ẹ̀bìrà ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró lóòró. Aṣọ wọn fẹ̀ ju tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọkùnrin ń hun, tí wọ́n ń rán pọ̀ di aṣọ òkè. Kíjìpá, ọ̀kan lára aṣọ àwọn obìnrin wọ̀nyí, nípọn, ó sì ń tọ́jọ́. Ṣẹ̀gọ̀sẹ̀n tí wọ́n ń hun ní Ọ̀wọ̀ jẹ́ ti ọjọ́ ẹ̀yẹ.

Ògìdì ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, kò jìnnà sí Ìkàrẹ́. Ọmọ ibẹ̀ ni Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí lọ́dún 1951. Ìyá ńlá tó tọ́ ọ dàgbà, ahunṣọ àti aláró, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nike gbé àdìrẹ kúrò ní ìró, ó sọ ọ́ di àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri. Lọ́dún 1983, ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn obìnrin ló tún ṣe olùkọ́ fún ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Ọnà, tí Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1989. Okediji lọ wo àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi erùpẹ̀ ilẹ̀ wa ṣe ọ̀dà. Wewe, ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó, yíjú sí agọ̀ àwọn ẹbọra omi.

Aṣọ hàn nínú iṣẹ́ El Anatsui pẹ̀lú: ọmọ Ghana yìí, tó ṣe olùkọ́ ní Nsukka, fi wáyà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ títí ó fi dà bí aṣọ kente. (Ohun tí à ń gbá dànù lẹ́yìn ìnáwó!) Lọ́dún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń kọ orúkọ Nike àti Anatsui sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ wọn. Kì í sábà kọ ti àwọn ahunṣọ. Ẹ̀yin tí kíjìpá ìyá àgbà ṣì wà nínú àpótí yín ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, ẹ béèrè ẹni tó hun ún, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.