Òbí, Ìjọ àti Owó Ìjọba: Ọ̀ràn Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Oko Ìbàdàn, 1952 sí 1981

Ìbéèrè kan ni ó wà nídìí àríyànjiyàn lórí fáọ́ṣà: nígbà tí ìjọba bá ń náwó lórí ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọwọ́ ta ni ó yẹ kí owó náà kọ́kọ́ bọ́ sí, ti òbí ni tàbí ti onílé-ẹ̀kọ́? Ní 1955, Milton Friedman, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé ti òbí ni: kí ìjọba fún un ní ìwé tí ó dúró fún iye owó kan, kí ó sì mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá wù ú. Ní ọdún náà gan-an, ní ọjọ́ 17 oṣù kinní, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì yan ọ̀nà kejì.

Ọ̀nà náà ti pẹ́. Láti 1877 ni ìjọba Èkó ti ń fún ìjọ C.M.S., Wẹ́sílì àti Àgùdà ní £200 lọ́dọọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ètò tí S.O. Awókòyà gbé kalẹ̀ ní 1952 mú àṣà náà gbòòrò: ìjọ ni ó ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba ni ó ń san owó olùkọ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954, di 811,432 ní 1955. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n abà kì í ṣe ìgboro. Ní oko Ìbàdàn, láti Mọ́níyà títí dé Lálúpọn, Ẹ̀gbẹ́dá àti Àkànrán, níbi tí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà lè dé, tí ó sì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí kò ní ohun tí yóò yàn. Yálà kí ọmọ lọ kọ́ orin ìsìn níbẹ̀, nígbà mìíràn kí ó sì gba orúkọ titun bọ̀, tàbí kí ó dúró ti bàbá rẹ̀ nídìí kòkó. Fáọ́ṣà kò lè tú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè tú u ni ilé-ẹ̀kọ́ kejì ní tòsí: ti Káńsù, tí kì í ṣe ti ìjọ kankan, tàbí ti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bí Ansar-Ud-Deen.

Àgbẹ̀ yìí gan-an ni ó sì ń sanwó. Èrè tí bọ́ọ̀dù kòkó fi pamọ́ lára ọjà rẹ̀ wà nínú owó tí ìjọba ná. Owó-orí ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, tún gùn ún. Owó-orí yìí wà lára ohun tí ó mú kí NCNC borí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954, Adégòkè Adélabú kò sì jẹ́ kí Ìbàdàn gbàgbé rẹ̀. Ní 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, tí Táfà Adéoyè ará Àkànrán wà lára aṣáájú wọn, dìde sí owó-orí títí ìjọba fi dín in kù sí £2. Wọn kò bá ilé-ẹ̀kọ́ jà. Ẹni tí ń sanwó tí kò rí ọwọ́ tí ń ná an ni ó ń bínú.

Nígbà tí ìjọba ológun gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ lẹ́yìn 1970, owó àti ilé di ti ẹnì kan náà. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ẹgbẹ́ UPN tí ó wà ní Ọ̀yọ́ ń ṣàkóso lẹ́yìn 1979, tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé tí ó fi síta ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 1980 pa ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie àti àwọn mìíràn pẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá wọn láre. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni ẹjọ́ náà dá lé, kì í ṣe ti òbí tí kò lówó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé fáọ́ṣà wá sí Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹjọ́ náà dúró sí, kí ó sì kọ́kọ́ ka iye ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà láàárín abà kan sí èkejì.