Ìkànnì Tó Ń Dá Olúkúlùkù Lóhùn: Ibo Ló Ti Ṣẹ̀ Wá?

Lórí ìkànnì ayélujára tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe yìí, àwọn kan ń béèrè pé kí ló dé tí ẹnìkan fi ní òun á ṣe é ní pọ́ọ́kú, tí ẹlòmíì sì pe owó ńlá. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn rẹ̀ ná.

Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé èrò Web kalẹ̀ ní 1989, níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní CERN, ní Switzerland. Nígbà tó fi máa di 1991, ìkànnì àkọ́kọ́ ti dé. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé ìgbà yẹn dà bíi kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tí a fi kọ́ ara ògiri: ohun tí èmi rí náà lẹ̀yin máa rí. Bí nǹkan bá yí padà, àfi kí ẹnìkan jókòó tún un kọ.

Ní 1993, àwọn NCSA ní yunifásítì Illinois, Amẹ́ríkà, gbé CGI jáde. Òun ló jẹ́ kí server lè pe ètò kọ̀ǹpútà míì pé kó bá òun ṣètò ojú-ìwé lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó béèrè bá ṣe fẹ́ ẹ. Lọ́dún kejì, Rasmus Lerdorf, tí wọ́n bí sí Greenland, ṣe irinṣẹ́ kékeré kan láti fi mọ àwọn tó ń wo CV rẹ̀. Ó fi ta aráyé lọ́rẹ ní 1995. Bí eré bí àwàdà, ó di PHP, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Facebook ní 2004! Ọdún 1995 yẹn náà ni MySQL dé, ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé. (My inú rẹ̀ yẹn, orúkọ ọmọ ẹni tó ṣe é ni.)

Tí ẹ bá fi nọ́ńbà ìdánwò wo èsì WAEC, ṣé ẹ rò pé ẹnìkan ti kọ ojú-ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ni? Rárá o. Server ló gba nọ́ńbà yẹn, ó wá èsì nínú àkọsílẹ̀, ó tò ó sójú ìwé, ó fi ránṣẹ́.

Ti pọ́ọ́kú yẹn, kàlẹ́ńdà ni. Tí ẹ bá sanwó ẹgbẹ́ lónìí, ó dìgbà tí ẹnìkan bá tún ojú-ìwé kọ kó tó hàn. Ti èkejì, akápò á tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó wà ní London á sì rí i. Àmọ́ wàhálà tirẹ̀ ń bẹ: owó server lọ́dọọdún, àti ẹni tí á máa tún un ṣe kí àwọn olè ayélujára má baà wọlé sí àkọsílẹ̀ owó wa. Lójú tèmi, èkejì ló yẹ wá, ṣùgbọ́n ká ti yan ẹni tí á máa mójú tó o ká tó san kọ́bọ̀. Ẹ gbé ìbéèrè yín wá sípàdé o.